Àbàwọ́n Tíì Kì í Ṣe Èérí

  Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Kí ni tíì tí ó dà sí aṣọ já mọ́, tí a ó fi pe olùkọ́ èdè wá síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti ṣàlàyé rẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú àmì pupa rúsúrúsú láyà ẹ̀wù funfun yóò rí i pé àmì náà ni àwọn ọmọ ń wò, kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ aṣọ tí ó yẹ kí ọmọ jogún lọ́wọ́ ìyá ni ó ti bàjẹ́, tí kì í sì í ṣe tíì ni ó bà á jẹ́, bí kò ṣe oògùn tí a fi lé tíì lọ. Àwọn ẹlòmíràn sì wà tí wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wewu nínú balùwẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí aṣọ kan funfun. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìdí dé òkè.

Ìdọ̀tí, èérí àti àbàwọ́n

Inú èdè wa ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èdè náà ti pín nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n a kì í sábà fiyè sí i. Ìdọ̀tí ni ohunkóhun tí ó wà níbi tí kò yẹ kí ó wà: pàǹtírí inú àgbàlá, ekuru orí tábìlì. A ń gbá a, a ń nù ún, ó sì ń lọ. Èérí ni èyí tí ó ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, irú èyí tí ó máa ń wà lọ́rùn ẹ̀wù, tí òógùn àti ọ̀rá ara ti so mọ́ òwú. Èyí kò ṣeé gbá. A níláti fọ̀ ọ́, ọṣẹ sì ni ọ̀tá rẹ̀.

Àbàwọ́n ní tirẹ̀ kò jókòó lórí aṣọ. Ó ti wọ inú òwú lọ, ó sì ti fún òwú náà ní àwọ̀ mìíràn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í sọ pé a gbá àbàwọ́n. A máa ń ní a yọ ọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi ń lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún orúkọ tí ó bàjẹ́. Ẹni tí àbàwọ́n bá wà lára orúkọ rẹ̀ kò lè fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ nù.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta wá ni ìbátan àbàwọ́n tíì? Kì í ṣe èérí ọrùn ẹ̀wù. Ìbátan rẹ̀ ni aró àti osùn, àwọn ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ń pa aṣọ láwọ̀. Tíì tí ó dà sí aṣọ ti pa aṣọ náà láwọ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́, nítorí pé kò ní í máa fi agbára fọ ohun tí kò ṣeé fi agbára fọ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewé tíì

Tíì gan-an ni ewé igi kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Camellia sinensis. Ilẹ̀ Ṣáínà ni mímu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kárí ayé. Ní Nàìjíríà, orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí òtútù ti ń mú, ni a ti ń gbìn ín. Ó sì wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó tí ó wà ní Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ń ṣe ìwádìí lé lórí. Márùn-ún ni àwọn ohun ọ̀gbìn náà: kòkó, obì, kọfí, kajú àti tíì. Ẹ wo àwọn márààrún dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára aṣọ. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣa kajú mọ̀ bẹ́ẹ̀, màmá tí ó ń ta obì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni èròjà kan tí à ń pè ní táńnìnì. Ẹ ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu kí ẹ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ obì, tàbí tí ó fi eyín kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tí ì pọ́n, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ahọ́n rẹ̀ á sì dà bí ohun tí ó súnkì. Táńnìnì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó di èròjà inú itọ́ mú, kò sì jẹ́ kí itọ́ yọ̀ mọ́. Agbára ìdìmú yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ awọ ní ilẹ̀ Haúsá ń lò nígbà tí wọ́n bá rẹ awọ ẹran sínú omi èso igi bagaruwa, kí awọ náà má baà jẹrà mọ́. Ohun tí ó lè di awọ ewúrẹ́ mú títí tí yóò fi di bàtà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ó lè di òwú aṣọ mú.

Ọ̀rẹ́ táńnìnì mìíràn tún wà, òun ni irin. Bí táńnìnì bá pàdé irin, wọ́n á di dúdú, wọn kì í sì í fẹ́ ṣí kúrò mọ́. Báyìí ni àwọn ará Yúróòpù ṣe ń ṣe yíǹkì ìkọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nítòsí wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Málì, àwọn Bàǹbàrà ń ṣe aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní bogolanfini. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ aṣọ òwú sínú omi ewé igi kan, èyí tí ó jẹ́ igi tí àwa Yorùbá ń pè ní àyìn, tí a ń fi ṣe orín. Omi náà á sọ aṣọ di àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹrẹ̀ odò tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ya ọnà sí i. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti kan aṣọ, ibẹ̀ á dúdú, dúdú náà á sì wọ òwú ṣinṣin. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó ẹ̀wù tí tíì dà sí lára sínú bókẹ́ẹ̀tì onírin tí ìpáàrà ti mú ń ṣe iṣẹ́ àwọn Bàǹbàrà láìmọ̀.

Ìdánwò ife méjì

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ṣe ìdánwò kan pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín. Owó tí yóò ná yín kò tó nǹkan. Ẹ po tíì láìfi mílíìkì sí i, kí ẹ pín in sí ife méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ife kìíní. Ẹ bu omi eérú, tàbí káún díẹ̀ tí a ti pò, sí ife kejì. Kí ojú tó mọ́ra, tíì inú ife kìíní á ti mọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ti fúyẹ́. Ti ife kejì á sì dúdú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ife méjì yìí. Ohun kíkan, bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, máa ń dẹ ọwọ́ táńnìnì, ó sì ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Eérú, káún àti ohunkóhun tí a fi wọ́n ṣe máa ń mú un dúdú sí i, wọ́n sì ń mú kí ó rọ̀ mọ́ òwú.

Níhìn-ín ni màmá kan lè ti bi mí pé, "Ọmọ mi, ọṣẹ dúdú ni ìyá tó bí wa fi fọ aṣọ wa títí a fi dàgbà, aṣọ wa sì mọ́. Ṣé ọṣẹ dúdú ni o wá fẹ́ bú níwájú gbogbo ayé?" Rárá o, màmá. Ọṣẹ dúdú kò ní ẹlẹ́gbẹ́ níbi tí a bá ti ń lé èérí àti ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí a fi ń ṣe é: eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀pẹ, àti àdín tàbí epo. Ọmọ eérú ni. Bí a bá gbé e lé àbàwọ́n tíì tàbí ti obì kí á tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ife kejì ni yóò ṣẹlẹ̀ lára aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ lílé tí a ń rà lọ́jà náà kò yàtọ̀ sí i ní ọ̀nà yìí. Ẹ̀kọ ni àwọn ìyá wa ń mu láàárọ̀ nígbà náà, kì í ṣe tíì. Ọṣẹ wọn sì bá àbàwọ́n ayé wọn mu.

Tíì wo ni ó dà?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, iṣẹ́ olùkọ́ èdè sì ni. Bí ẹ bá wọ ilé kan ní Ìlódè níbí ní òwúrọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ wá mu tíì, ẹ kò tí ì mọ ohun tí ẹ fẹ́ mu. Ó lè jẹ́ ewé tíì nínú àpò kékeré tí a fi okùn so. Ó lè jẹ́ Ovaltine, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Switzerland ní 1904, tàbí Milo, tí ó ti Ọsirélíà wá ní 1934, tàbí Bournvita. Ó sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà rẹpẹtẹ. Nínú èdè wa lónìí, ohun gbígbóná yòówù tí a bá ń mu pẹ̀lú búrẹ́dì ti di tíì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe máa ń gba àlejò, tí á sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo lè bo nǹkan mẹ́ta mọ́lẹ̀, aṣọ kò sì mọ orúkọ. Ohun tí ó dà sí i nìkan ni ó mọ̀.

Ewé tíì lásán, táńnìnì ni àbàwọ́n rẹ̀. Tíì oní-mílíìkì ní nǹkan méjì mìíràn ní àfikún: ọ̀rá, àti èròjà kan tí ó máa ń dì bí ìgbà tí a bá da ẹyin sínú omi gbígbóná. Ti Milo, Bournvita àti Ovaltine ní kòkó nínú pẹ̀lú, ọ̀rá kòkó sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi gbígbóná sí àbàwọ́n tíì oní-mílíìkì lẹ́ẹ̀kan náà ti se mílíìkì náà mọ́ inú òwú.

Àwa tí a ń gbé Ilé-Ifẹ̀ kò ṣàìmọ ìtàn Ọbàtálá, òrìṣà aláṣọ funfun. Wọ́n ní nígbà tí ó ń lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà pé kí ó ran òun lẹ́rù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó sì fi ẹrù náà ba aṣọ rẹ̀ jẹ́: ó da epo pupa sí i, ó da èédú sí i, ó da àdín sí i. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọbàtálá kò bínú. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Sùúrù ni àwọn àgbà fi ń kọ́ wa nínú ìtàn yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun mẹ́ta tí Èṣù yàn. Àdín jẹ́ ọ̀rá lásán, ọṣẹ tó o. Epo pupa ní ọ̀rá, ó sì tún ní àwọ̀. Ọṣẹ á kó ọ̀rá rẹ̀, oòrùn á sì jẹ àwọ̀ tí ó kù. Èédú kì í ṣe ọ̀rá, kì í sì í ṣe aró. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ni. Gbígbọ̀n ni a ń gbọ̀n ọ́n nù kí omi tó kàn án, nítorí bí omi bá ṣáájú, á tàn kálẹ̀. Àbàwọ́n mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Aṣọ wo ni ó dà sí?

Ìbéèrè kejì nìyí, òun ni ó sì ń ba ọkàn jẹ́ jù bí a kò bá bi í. Kì í ṣe gbogbo aṣọ ni ó ní irú ara kan náà.

Aṣọ òwú funfun ni ó le jù nínú ìyà jíjẹ. Ó lè gba ọsàn wẹ́wẹ́, ó lè gba oòrùn, ó sì lè gba bílíìṣì díẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Jik tàbí Hypo.

Àdìrẹ ní tirẹ̀ jẹ́ aṣọ òwú tí a pa láró èlú. Aró yìí lè dúró ti omi, ó lè dúró ti ọṣẹ, ṣùgbọ́n kò lè dúró ti bílíìṣì. Bílíìṣì kò mọ àbàwọ́n yàtọ̀ sí aró. Ohun tí ó bá ní àwọ̀ ni ó ń jẹ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá àgbà kan jókòó tì, tí ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí lára, lè di aṣọ alámì funfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá ọnà náà padà.

Sányán tún lẹgẹ́ ju èyí lọ. Òwú rẹ̀ kì í ṣe òwú oko. Inú ilé tí àwọn kòkòrò igbó kan ń hun ni a ti ń rí i, àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn sì jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí wá báyìí, bí irun àgùntàn àti sẹ́dà, súnmọ́ awọ ẹran nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Nítorí náà, táńnìnì a máa dì í mú ju òwú lásán lọ. Bílíìṣì á sì jẹ ẹ́ run: á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà á máa já. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bílíìṣì súnmọ́ sányán láé.

Bí a ó ṣe yọ ọ́

Kí tíì tó gbẹ ni iṣẹ́ rọrùn jù. Bí ó bá ti dà, ẹ mú aṣọ funfun tí ó mọ́, kí ẹ fi tẹ ibẹ̀ kí ó fa omi náà. Ẹ má ṣe fi ra á, nítorí ríra ni ó ń ti àbàwọ́n wọ inú òwú. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí inú aṣọ síta, kí ẹ da omi tútù sí ẹ̀yìn àbàwọ́n náà, kí omi lè ti í jáde gba ibi tí ó gbà wọlé. Bí mílíìkì bá wà nínú tíì náà, omi tútù yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè kúrò, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa.

Lẹ́yìn omi ni ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fún omi ọsàn kan sínú ife omi kan, tàbí kí ẹ bu ṣíbí fínígà kan tàbí méjì sí i. Ẹ fi rẹ ojú àbàwọ́n náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ ṣàn án. Nígbà náà ni ẹ tó lè fi Ómò fọ aṣọ náà bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ọsàn ṣáájú, kí ọṣẹ tẹ̀lé. Ìtẹ̀léra yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń yí padà, tí aṣọ fi ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ aṣọ òwú funfun ni, ẹ sá a sí oòrùn nígbà tí omi ọsàn ṣì wà lára rẹ̀. Oòrùn kì í ṣe oògùn àwọn aláìní. Kí ó tó di pé wọ́n ṣe àwárí kílóríìnì ní 1774, tí Berthollet ará Faransé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti mú aṣọ funfun ní nǹkan bí 1785, orí koríko nínú oòrùn ni àwọn ará Yúróòpù ń tẹ́ aṣọ wọn sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó lè funfun. Ṣùgbọ́n kí ẹ fọ omi ọsàn kúrò lọ́wọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jáde sí oòrùn, nítorí omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn lè jó awọ ara bí iná.

Bí àbàwọ́n náà bá ti pẹ́, ẹ ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá ṣì kù lára aṣọ òwú funfun, ẹ lè ra háídrójìn pẹrọ́sáìdì onídá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ apòògùn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìṣẹ́po etí aṣọ, níbi tí ojú kò lè tó. Lórí àdìrẹ, ẹ kò gbọdọ̀ kọjá omi, ọsàn tí a fi omi là, àti ọṣẹ díẹ̀. Lórí sányán àti aṣọ òkè yòókù, ẹ má ṣe rẹ gbogbo rẹ̀ sómi. Ẹ fi aṣọ tútù tẹ ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun kan tún kù: ẹ kò gbọdọ̀ lọ aṣọ náà kí àbàwọ́n tó tán. Ooru áyọ́ọ̀nù ni ó ń fi èdìdì dì í.

Ife àti fúláàsìkì

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí aṣọ wàyí, kí a bọ́ sí ibi ìdáná. Ẹ óò rí òrùka pupa rúsúrúsú nínú ife tánganran àti nínú fúláàsìkì. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni, mo ti ní kí eérú àti káún jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n fún ife, ohun tí a lé lọ ni a óò tún pè padà. Ife kò ní òwú tí táńnìnì lè wọ̀. Ojú rẹ̀ le, ó sì ń dán. Ohun tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí táńnìnì àti èròjà inú omi jọ hun, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ojú ife. Káún tí a lọ̀ kúnná, tàbí iyọ̀, tí a fi omi díẹ̀ pò, tí a sì fi kànìnkànìn fífúyẹ́ ra á, yóò ṣí i kúrò. Fún fúláàsìkì, ẹ da omi gbígbóná àti káún díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì ṣàn án léraléra. Kìkì pé kí ẹ má ṣe fi káún sílẹ̀ nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí yóò jẹ ara rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ohun tí ó ń ba aṣọ jẹ́ ni ó ń tún ife ṣe? Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa béèrè pé, "Kí ni oògùn àbàwọ́n tíì?" bí ẹni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ewu tí ó wà nínú ìkánjú

Mo fi èyí tí ó wúwo jù kádìí ọ̀rọ̀, kí ó lè dúró lọ́kàn yín. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ dára, tí ó sì mọ̀ pé bílíìṣì lágbára, lè rò pé bí òun bá da méjèèjì pọ̀, agbára wọn á di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ohun kíkan bá kan bílíìṣì, ìbáà ṣe ọsàn, ìbáà ṣe fínígà, afẹ́fẹ́ kílóríìnì ni yóò tú jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sórí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Kò yẹ kí á máa po ohun ìjà ogun nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Bákan náà ni ìtọ̀. Ìyá ọmọ tí ó bá da bílíìṣì sórí ìtẹ́dìí tí ìtọ̀ ti pọ̀ lára rẹ̀ lè ṣe afẹ́fẹ́ mìíràn tí ó ń ta ojú, tí ó sì ń dí ọ̀fun. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan ìtọ̀ nù. Bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kọlu ẹnikẹ́ni, kí ó sáré jáde síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí mímí bá ṣòro fún un. Ẹ má sì ṣe da bílíìṣì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé kò mọ̀wé kà. Ìgò ni ó mọ̀. Bí ọmọ bá ti gbé e mì, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, ẹ má ṣe rọ epo sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ óò rí i pé ìbéèrè mẹ́ta péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Kí ni ó dà? Kí ni ó dà sí? Kí sì ni mo fẹ́ fi lé e lọ, ṣé kò ní í bá ohun tí mo ti lò ṣáájú jà? Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ife méjì dán ìdáhùn wò fúnra wọn. Ọmọ tí ó bá ti rí i bí tíì ti ń mọ́lẹ̀ nínú ọsàn, tí ó sì ń dúdú nínú eérú, kò ní í sáré gbé ìgò bílíìṣì lọ bá àdìrẹ ìyá rẹ̀.